Ọ̀bọ̀kún Odò Ìgbín

Òórùn efinrin ló fà mí wọlé. Mo lọ kí ọmọ ọmọ mi ní Ìlíṣàn, níbi tó ti ń kàwé, òjò sì ká wa mọ́ ẹ̀bá títì níwájú ilé oúnjẹ kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kún bámúbámú. Ìkòkò pẹpẹsúùpù wà lórí iná, efinrin àti ata ń ta sánsán, inú mi sì rọ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bu oúnjẹ pé irú ẹja wo ló wà níbẹ̀. Kò tilẹ̀ ronú kó tó dáhùn. Ó ní, "Mama, ọ̀bọ̀kún ni."

Mo jókòó. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ọmọdé. Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ dé, mo wo orí tó wà nínú rẹ̀, mo wo awọ dúdú tó ń yọ̀ lára rẹ̀, mo sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Àrọ̀ ni. Àrọ̀ inú kòtò sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n fi oúnjẹ inú àpò bọ́ títí tó fi wú bí ìrọ̀rí, tí kò fojú kan odò rí láyé rẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin náà padà, mo sì sọ fún un pé èyí kì í ṣe ọ̀bọ̀kún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má bínú, pé ẹja ni gbogbo wọn, orúkọ yẹn ló kàn máa ń wu àwọn oníbàárà. Ọmọ ọmọ mi fẹsẹ̀ tọ́ mi lábẹ́ tábìlì pé kí n jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

N kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó yí wa ká, mo bi wọ́n bóyá ẹnì kan nínú wọn ti rí ọ̀bọ̀kún rí. Ọmọ Rẹ́mọ ló pọ̀ jù nínú wọn, ọmọ Ìpẹ̀rú wà níbẹ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wà níbẹ̀, ọmọ Ṣàgámù náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń wo ojú ara wọn. Ọ̀kan ní ó jọ orúkọ oyè ọba kan ní ìhà Ìjẹ̀ṣà. Òmíràn ní bóyá ìyá ìyá òun lè mọ̀ ọ́n. Bí òjò ti dá, mo dìde, mo sanwó ohun tí n kò jẹ, ìbínú sì ń hó nínú mi bí ìkòkò yẹn. N kò bínú sí àwọn ọmọ náà. Ẹni tí wọ́n ti jí nǹkan rẹ̀ kó tó dáyé, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun pàdánù?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín.

Makun ní Ṣàgámù ni wọ́n ti bí mi, nínú agbo ilé olóbì. Bí ẹ bá wọ ilé wa lásìkò obì, ẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ tẹ̀ tì. Obì gbànja ni láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀. Àwọn obìnrin á jókòó yí òkìtì rẹ̀ ká, wọ́n á máa bó o, wọ́n á máa fọ̀ ọ́, wọ́n á máa ṣa èyí tí kòkòrò ti lu kúrò, wọ́n á sì máa fi ewé gbòdògì tútù tẹ́ inú agbọ̀n kó má bàa gbẹ. Òórùn obì tútù àti ewé yẹn ni òórùn ìgbà èwe mi. Bàbá mi kì í ṣe ọlọ́rọ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tó máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ń sùn tí kò sì fẹ́ jí i.

Ìyá mi ni kò bá agbo ilé náà mu. Ọmọ abúlé etí odò kan ni, lẹ́yìn Ìsarà, níbi tí wọ́n ti ń roko tí wọ́n sì ń pẹja. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sílé ọkọ, ọ̀pá ìwọ̀ wà láàárín ẹrù rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé rò pé ọ̀pá tí yóò máa fi ká àgbálùmọ̀ ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i tó gbé ọ̀pá náà kọ́ èjìká, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò Ìgbín, ni ẹ̀rín bá pa gbogbo àdúgbò. Pé obìnrin ń dẹ ìgèrè sínú odò, tàbí pé ó ń fi agbọ̀n gbọ́n àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn kì í ṣe tuntun. Àmọ́ ìyàwó olóbì tó jókòó sórí ìtì igi, tó na ọ̀pá ìwọ̀ sórí omi láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, wọn kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Oníwọ̀. Àwọn àgbà tọ bàbá mi lọ pé kó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó fèsì pé ẹni tó bá fẹ́ ọmọ etí odò kò gbọdọ̀ bínú omi, àti pé, kí wọ́n forí ji òun, ọbẹ̀ ilé òun ti dùn ju tiwọn lọ.

Odò Ìgbín kì í ṣe odò ńlá. Ó ń wọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín oko obì, bí orúkọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà òjò, á pọ́n, á sì kún wọ inú koríko. Níbi kan tó ti tẹ̀ kọrọdọ, ìtì ìrókò ńlá kan wó sínú omi kí wọ́n tó bí bàbá mi. Omi ti jẹ inú rẹ̀, ó ti di oníhò káàkiri. Abẹ́ ìtì yẹn ni ilé ọ̀bọ̀kún.

Ọ̀rẹ́ mi Sàkírà máa ń bá wa lọ. Ọmọ Alájì Bísíríyù ni, ọkùnrin tí òwò obì rẹ̀ tóbi jù ládùúgbò wa, tó ń ra obì bàbá mi àti ti ọ̀pọ̀ olóbì Makun, tó ń kó o sọ́kọ̀ ránṣẹ́ sókè Ọya. Kò yẹ kí ọmọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá ti ẹsẹ̀ bọ ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n Sàkírà á fi gèlè rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi, á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó lè sọ̀rọ̀ láti ilé dé odò láìmí. Ìyá mi máa ń kìlọ̀ fún un pé bí kò bá dákẹ́, ahọ́n rẹ̀ lòun máa fi ṣe ìjẹ.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún fi àrọ̀ tàn yín jẹ. Àrọ̀ dúdú, orí rẹ̀ gùn, ó pẹlẹbẹ, ara rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ títí dé ìrù. Ọ̀bọ̀kún ń dán bíi fàdákà. Ẹ̀yìn rẹ̀ jọ eérú, ikùn rẹ̀ funfun, kò ní ìpẹ́, irùngbọ̀n tín-ín-rín yí ẹnu rẹ̀ ká, ìrù rẹ̀ sì là bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Ó ní ẹ̀gún kan lẹ́yìn àti ọ̀kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fà á jáde nínú omi, á na gbogbo ẹ̀gún náà gan-an, á wá máa ké, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́ bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Ìyá mi ní èébú ló ń bú wa, àti pé ó tọ́ sí wa.

Kì í ṣe ẹja oníwàǹwára. Ìsàlẹ̀ omi ló ti ń jẹun, ó ń wá ekòló, ìgbín odò kéékèèké, àti èso tó bá já bọ́. Nítorí náà ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìwọ̀ léfòó. Ìyá mi á so òkúta kékeré mọ́ okùn, á fi ekòló tàbí ẹyìn tó ti sè rọ̀ sẹ́nu ìwọ̀, á jẹ́ kó rì dé ilẹ̀, á wá fi ìka kan kan okùn náà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọ̀bọ̀kún á kọ́kọ́ fi irùngbọ̀n tọ́ ìjẹ náà wò. Bí ẹ bá fà á nígbà yẹn, ó ti lọ. Á padà wá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kejì, ẹ tún máa mú sùúrù. Ìgbà tó bá gbé e tó ń lọ sílé ni ẹ máa fà. Sàkírà kò lè mú sùúrù náà rárá. Ẹja tó pa ní gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n kò kún ọwọ́. Ní tèmi, ìwàǹwára mi wà ní ìgbà tí ẹja bá ti jáde. Mo gbá ọ̀kan mú níbi tí kò yẹ, ẹ̀gún apá rẹ̀ sì gún àtẹ́lẹwọ́ mi wọnú. Ìrora rẹ̀ gun apá mi dé abíyá. Ìyá mi gbé mi dé ilé, ó ti ọwọ́ mi bọ omi gbígbóná títí ìrora náà fi rọ̀, kò sì bá mi kẹ́dùn. Ó ní ẹja náà ní ẹ̀tọ́ láti jà.

Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, tí omi bá kún wọ koríko, ìyá mi á kó ìwọ̀ rẹ̀ sókè àjà, kò sì ní sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí àgbàdo tuntun yóò fi gbó. Ní àsìkò yẹn, kò ní pa ọ̀bọ̀kún, kò ní rà á, kò sì ní jẹ ẹ́ nílé ẹnikẹ́ni. Mo máa ń kùn. Ní ọdún kan, bóyá nítorí kùnkùn mi, ó mú èmi àti Sàkírà lọ sí ibi ìtì ìrókò. Ó wọ inú omi títí dé àyà, ó gbé mi mọ́ra, ó sì ti ọwọ́ mi wọ inú ihò kan lára ìtì náà, jẹ́jẹ́. Mo kan nǹkan kan tó tutù, tó yọ̀. Orí ẹja ni, ṣùgbọ́n ó fẹ̀ ju orí ọ̀bọ̀kún tí mo mọ̀ lọ, ètè rẹ̀ nípọn. Kò sá. Ó fi orí ti ìka mi sẹ́yìn, bí ẹni ń ti àlejò tí kò pè jáde nílé.

Bàbá wọn nìyẹn, ìyá mi ṣàlàyé fún wa nígbà tí a jókòó síbi gbígbẹ. Bí àsìkò ẹyin bá tó, orí akọ á fẹ̀, ètè rẹ̀ á wú. Á wá ihò, á tún un ṣe, abo á yé ẹyin sínú rẹ̀, akọ á sì jókòó tì í. Á máa fi ìrù fẹ́ omi sí ẹyin náà. Kò ní jẹun. Á rù títí ọmọ yóò fi jáde. Nígbà náà, kò sí ìwọ̀ tó lè mú un, nítorí kò wá oúnjẹ. Ẹni tó bá fẹ́ pa á, àfi kó lọ ká a mọ́lé. Sàkírà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó yá ó béèrè bóyá bàbá òun náà lè jókòó tì wọ́n láìjẹun bẹ́ẹ̀. Ìyá mi fà á mọ́ra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ayé àtijọ́ dára, n kò ní purọ́ fún yín. Olójúkòkòrò wà nígbà yẹn. Ní ọdún náà gan-an, lásìkò òjò náà, Alájì Bísíríyù fẹ́ ṣe yìgì àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Ó ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ tó ń ti Ìjẹ̀bú-Òde bọ̀ pé ẹja odò tútù ni wọ́n máa jẹ, kì í ṣe gbígbẹ. Kò lè dúró de ìwọ̀, kò sì ní sùúrù ìgèrè. Ó háyà àwọn kan, wọ́n gbé oògùn tí wọ́n ń fín sára kòkó, wọ́n sì dà á sínú odò Ìgbín lókè, lẹ́yìn ibi tí ìtì ìrókò wà.

Àwọn obìnrin tó lọ pọnmi ló kọ́kọ́ rí i lówùúrọ̀. Omi funfun fún ikùn ẹja. Ariwo gba Makun, àwọn èèyàn ń sáré wá pẹ̀lú agbọ̀n àti garawa, wọ́n ń kó ńlá, wọ́n ń fi kékeré sílẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá mi dé, kò kó nǹkan kan. Ó wọ inú omi lọ tààrà sí ibi ìtì náà, ó ti ọwọ́ bọ ihò, ó sì fa akọ ọ̀bọ̀kún náà jáde. Ó ti le gbagidi. Ẹnu ihò ló kú sí, kò kúrò níbẹ̀. Ẹyin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó yẹ kó pọ́n bí epo, ti funfun bí àgbàdo sísè. N kò rí ìyá mi kó sunkún rí, kò sì sunkún lọ́jọ́ yẹn. Ó jáde, ó mú agbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́, àwọn tí kò tó ìka, títí agbọ̀n fi kún. Ó gbé akọ náà lé wọn lórí.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́ ibi tó ń gbé agbọ̀n náà lọ, ó bọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó rán an létí ẹni tó ń ra obì wa, ó ní bí ọkùnrin náà bá yí ẹ̀yìn pa dà sí wa, kí la máa jẹ. Ó ní, "Obì wa wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Ìyá mi ní, "Omi wa náà wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Bàbá mi yẹ̀ fún un. Mo tẹ̀ lé e, nítorí kò sí ẹni tó ní kí n má tẹ̀ lé e. Àgbàlá Alájì ti kún fún àlejò, wọ́n ti ń gbé àwo ẹja kiri. Ìyá mi kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kí gbogbo wọn, ó kí àwọn àna, ó sì gbé agbọ̀n náà kalẹ̀ síwájú Alájì.

Ó ní, "Ẹ kú ìnáwó o. Ẹ̀bùn tèmi nìyí. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ wọ́n tán."

Alájì kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nígbà tó wo inú agbọ̀n, ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pé, "Ìyàwó wa, ẹja ni. Kì í ṣe èèyàn."

Ìyá mi kò dìde. Ó ní, "Oògùn tó pa ẹja yìí wà nínú omi, Alájì. Omi náà làwọn ìyàwó yín pọn lówùúrọ̀ yìí, òun ni wọ́n fi se oúnjẹ àlejò."

Ọwọ́ tó ń lọ sẹ́nu dúró. Ìyá ọkọ ìyàwó gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, àwọn yòókù sì ń gbé tiwọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó bú ẹnikẹ́ni. Yìgì so, àdúrà gbà, àmọ́ ẹja Alájì tutù sórí tábìlì, ajá ló jẹ ẹ́.

A jìyà rẹ̀. Alájì kò ra obì bàbá mi mọ́, àwọn tó ń wo ojú rẹ̀ náà kò rà á. Obì dúró nílé wa títí kòkòrò fi ń jáde lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì yí padà. Àwọn ìyàwó ilé kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó fi ẹja ba ilé ọkọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó yá, ó di obì tó kù mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó gbé e lọ bá àwọn Hausa tó ń ra obì ní Sábó fúnra rẹ̀, láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Kò rọrùn, kò sì sọ wá di ọlọ́lá, ṣùgbọ́n a jẹun. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá a pé kó lé ìyá mi lọ sílé bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó sọ ni pé òun mọ ẹni tí òun fẹ́ kí òun tó fẹ́ ẹ.

Sàkírà ni n kò rí gbà padà. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò gbọdọ̀ bá mi ṣeré, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi í sínú ọkọ̀ tó ń kó obì lọ sí Kánò, lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ká dágbére. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ìdákẹ́jẹ́ ọ̀nà odò ń dún mi létí.

Síbẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi ló parí ẹjọ́ náà. Ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe àwọn ọmọ wọn lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, wọ́n sì mọ ohun tó fà á. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sọ fún àwọn olóyè pé ẹni tó bá tún da oògùn sódò, àwọn kò ní bá a nájà, àwọn kò ní bá a ṣe òkú, àwọn kò ní bá a ṣe ọmọ tuntun. Alájì kò tọrọ àforíjì títí tó fi kú, àmọ́ kò dán an wò mọ́. Nígbà tí òjò ọdún mélòó kan rọ̀, tí omi ń ti òkè Ìsarà wá, ọ̀bọ̀kún bá omi sọ̀ kalẹ̀ padà sínú ìtì náà. Ọjọ́ tí ìyá mi kan ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀, ó wá sílé, ó kàn jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín nìkan.

Mo dàgbà, mo di olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, mo bímọ, mo sin ìyá mi àti bàbá mi. Àìpẹ́ yìí, obìnrin arúgbó kan kan ilẹ̀kùn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kí n tó ṣílẹ̀kùn tán. Sàkírà ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní Kánò, ó ti kó ẹrù rẹ̀ padà sí Makun. A sunkún, a rẹ́rìn-ín, a wo bí a ti sanra tó. Ìgbà tó mu omi tán, ó ní kí n mú òun lọ sí odò.

Mo ti ń yẹra fún ọ̀nà yẹn láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Oko obì tí à ń gbà kọjá ti di ilé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ti di títì tí táyà típà ti gbẹ́ kòtò sí. Ní ibi tí ìtì ìrókò wà, ọ̀gbun ni, ẹ̀rọ ń fa yanrìn látinú rẹ̀, epo dúdú sì ń léfòó lójú omi. Ìtì náà kò sí. Wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n irin fà á jáde, wọ́n ti là á ní pákó. Ní ìsàlẹ̀ díẹ̀, àwọn géńdé kan gbé bátìrì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n ń ti wáyà iná bọ omi kí ohunkóhun tó bá ṣẹ́ kù lè gan, kó léfòó. Àsìkò òjò ni, àsìkò tó yẹ kí akọ jókòó ti ẹyin.

Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí wa dáadáa, ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Mo bi í léèrè ẹja. Ó ní ẹja wo. Ó ní àwọn ní ìwé àṣẹ láti ọ́fíìsì ìjọba, àti pé bó bá jẹ́ ẹja la fẹ́, ó wà nínú fíríìsà lọ́jà, ẹja òkun, ó tilẹ̀ dára ju ti odò lọ. Kò sọ ọ́ láti bú wa, ohun tó mọ̀ ló sọ. Èyí ló sì bí mi nínú jù. Alájì Bísíríyù ní ojú, ó ní àgbàlá tí èèyàn lè gbé agbọ̀n lọ. Àgbàlá ta ni kí n gbé èyí lọ? Ẹni tó ni ẹ̀rọ kò gbé Makun, ẹni tó buwọ́ lùwé kò mu omi Ìgbín, ẹni tó ń ra yanrìn kò mọ̀ pé odò kankan wà. Olójúkòkòrò ayé ìsinsìnyí ti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ibi láì sí nílé.

Mo yíjú sí Sàkírà, kí n lè sọ pé ká máa lọ. Ó ń wo omi náà. Ó ní, "Bàbá mi ló kọ́kọ́ fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe." Lẹ́yìn náà ó rìn lọ sí àárín títì, ó gba àpótí ìjókòó lọ́wọ́ ẹni tó ń ta gúgúrú, ó sì jókòó síwájú típà tó ti kún fún yanrìn.

N kò mọ ohun tí mo lè ṣe ju kí n jókòó tì í lọ. Àwọn awakọ̀ fọn fèrè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n pè wá ní ìyá, wọ́n ní ká jọ̀wọ́ ká má ṣépè fún àwọn. A kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni. Sàkírà ń sọ ìtàn ọ̀bọ̀kún fún wọn, bí orí rẹ̀ ṣe ń fẹ̀, bí kò ṣe ń jẹun, ó sì ń sọ ọ́ láìmí bí ìgbà èwe rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn obìnrin Makun bíi mélòó kan ti gbé ìjókòó wá.

N kò sọ pé a ṣẹ́gun. Típà gba ọ̀nà míràn lọ́jọ́ kejì. Àwọn olóyè ti pe ìpàdé, wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ má kọjá ibi tó wà lọ sókè odò, níbi tí igi ṣì bo omi, tí ọ̀gbẹ́ni kan sì búra pé òun rí ọ̀bọ̀kún tó tó ọwọ́ lásìkò ọyẹ́ tó kọjá. Àwọn oníyanrìn ti gba àṣẹ náà, wọ́n sì ń rú u bí a bá yí ẹ̀yìn. Ohun púpọ̀ ti lọ tí kò ní padà: ìrókò yẹn, oko obì yẹn, omi tí ọmọdé lè ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju omi díẹ̀ lábẹ́ igi, àti ìbínú àwọn arúgbó obìnrin.

Ṣùgbọ́n arúgbó kì í jókòó títí ayé. Àárọ̀ Sátidé la máa ń lọ jókòó létí odò náà, kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé àpótí yín dání.